Ìbuwọ́lùwé Orí Òrùlé

Igi kẹrin àkàbà náà ti kán, ṣùgbọ́n aránṣọ náà kò mọ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tẹ òfìfo. Ó di ẹ̀gbẹ́ àkàbà mú gírígírí, ó mí kanlẹ̀, ó sì tún ń gùn ún lọ. Ó ti fi píìnì méjì kan fọ́ọ̀mù tó wà nínú ọ̀rá mọ́ àyà aṣọ rẹ̀, nítorí ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń gun òrùlé. Lókè lọ́hùn-ún, òòlù ń dún gbà, gbà, gbà, bí ẹni pé ó ń bá ẹnìkan jà.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bùọ̀dá."

Òòlù dákẹ́. Bàbá Káfíńtà yọjú láti ẹ̀yìn igi àjà, ìṣó mẹ́ta wà láàárín ètè wọn. Wọ́n tu ìṣó náà sọ́wọ́.

"Ìyàwó! Ṣé o fẹ́ já bọ́ kí wọ́n lè ní èmi ni mo pa ọ́ ni?"

"Oṣù mẹ́ta rèé tí ẹ ò wá sípàdé. Ẹni tó bá ń wá àgbà, ibi tí àgbà bá wà náà ló ń bá a."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ni bàbá yìí. Àwọn ni alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, aránṣọ sì ni akọ̀wé. Ọdún méjì gbáko ni ẹgbẹ́ náà ti ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ́ afárá onírin sórí odò tó la àdúgbò sí méjì. Ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn wà lápá kan, ìdajì àwọn ilé wà lápá kejì. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àjọ kan ń fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lówó ìrànwọ́, aránṣọ gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ tì, ó jókòó ti fọ́ọ̀mù. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ọjọ́ tó kà á sétí ìpàdé ni nǹkan bàjẹ́. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé afárá onípákó tí wọ́n ń lò ti jẹrà, pé ó lè pa èèyàn. Bàbá Káfíńtà ló kan afárá náà. Bàbá dìde, wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Láàárọ̀ yìí wá ni Kíákíá, ọmọbìnrin tó ń bá ẹgbẹ́ tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, pè é lórí fóònù. Fọ́ọ̀mù ò wọlé. Àfi kí alága buwọ́ lù ú, bẹ́ẹ̀ aago méjì ọ̀sán òní gan-an ni àjọ náà yóò ti ilẹ̀kùn.

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá lórí òrùlé níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Nítorí náà, kí n fi ọwọ́ ara mi buwọ́ lù ú pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ti jẹrà."

Ó fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, àmọ́ ta ní ń kúnlẹ̀ lórí igi àjà? Ó tú píìnì, ó na fọ́ọ̀mù sí wọn. "Ẹ kà á ná, Bùọ̀dá. Tí ẹ bá kà á tán tí ẹ ní rárá, màá sọ̀kalẹ̀."

Wọ́n fi awò ojú wọn sójú, èyí tí wọ́n fi òwú so apá rẹ̀ kan. Wọ́n ń kà, wọ́n ń fi ìka tẹ̀lé e. Láti ibi tí aránṣọ dúró sí, ó rí odò náà, ó sì rí afárá lórí rẹ̀, tín-ín-rín bíi téèpù tó fi ń wọn aṣọ. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń tò kọjá lórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìbéèrè kẹsàn-án," ni bàbá wí. "'Kí ni àwọn ará àdúgbò ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe?' O dáhùn pé, 'A ti ṣe ìpàdé mọ́kànlá.'" Wọ́n wò ó láti òkè awò ojú. "Ìpàdé ló ń gbé èèyàn kọjá odò?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú tì í, ojú tì í dé ìpìlẹ̀ ọkàn. Adìyẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà. Oṣù mélòó ló fi ń wá ohun tí yóò kọ síbẹ̀, tí ó sì ń gba orí ìdáhùn náà kọjá lójoojúmọ́?

"Bùọ̀dá, ẹ yá mi ní pẹ́ńsù yín."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ máa sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀. Èmi á máa kọ."

Wọ́n kọ́kọ́ mi orí. Ṣùgbọ́n oníṣọ̀nà kì í gbọ́ kí wọ́n béèrè iṣẹ́ rẹ̀ kó dákẹ́.

"Ọdún tí a kọ́kọ́ kàn án, pákó méjìlélógún ni. Ọkọ rẹ ló ru èyí tó gùn jù. Ó ń kọrin bọ̀ lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kò sì lóhùn rárá."

"Kò ní i!" Ó ń kọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọdún kejì, omi gbé pákó mẹ́rin lọ. Ìyá Oníbúrẹ́dì yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀ wá. Òun ló di pákó keje."

"Èyí tí mò ń tẹ̀ kọjá láràárọ̀?"

"Ilẹ̀kùn lò ń tẹ̀."

Wọ́n sọ ti àwọn ọ̀dọ́ tó dúró nínú omi dé àyà, tí wọ́n fi èjìká gbé òpó títí wọ́n fi kan án tán. Wọ́n sọ ti tíṣà tó fi tábìlì ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí ọdún kan tí wọn ò tún un ṣe. Ìwé kún. Aránṣọ ya páálí ìṣó, ó ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ta ló ń ra ìṣó?"

"Ta ló béèrè ìṣó?"

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó wá gbójú sókè. "Bùọ̀dá, mi ò lè pa ibi tí mo ti ní ó ti jẹrà rẹ́ o."

Bàbá ń wo odò. "Ó ti jẹrà. Ṣé mi ò mọ̀ ni? Èmi ni mò ń kan ìṣó mọ́ ọn. Tẹ́lẹ̀, pákó á kọ̀, á bá mi jà. Ní báyìí, ńṣe ni ìṣó ń wọlé bí ẹni pé inú búrẹ́dì ni." Wọ́n gba pẹ́ńsù, wọ́n wò ó, wọ́n jù ú sílẹ̀. "Èèyàn kì í fi pẹ́ńsù buwọ́ lùwé." Wọ́n fa bírò yọ lápò wọn, wọ́n buwọ́ lù ú.

Aago kan ti kọjá ogún ìṣẹ́jú nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀. "Máa sáré lọ!" ni bàbá ń kígbe, àmọ́ àwọn fúnra wọn ni wọ́n wà níwájú, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn èèyàn rò pé olè ni wọ́n ń lé. Ìyá Oníbúrẹ́dì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò dúró gbọ́ ìdáhùn, ó bá wọn sáré.

Ní ṣọ́ọ̀bù, Kíákíá tẹ ọ̀rọ̀ náà bí orúkọ rẹ̀. Páálí ìṣó wà níwájú rẹ̀, gbogbo wọn sì rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó tẹ bọ́tìnnì. Òbìrìkìtì kékeré kan ń yí lójú kọ̀ǹpútà, ó ń yí, ó ń yí. Lẹ́ẹ̀kan náà, ojú kọ̀ǹpútà di àwọ̀ ewé: *A ti gba ìwé yín.*

Ariwo ta. "Ilẹ̀kùn mi wà níbẹ̀?" ni Ìyá Oníbúrẹ́dì ń béèrè. "Ẹ kọ ilẹ̀kùn mi síbẹ̀? Yéè, ilẹ̀kùn mi ti wọ ọ́fíìsì!" Bàbá Káfíńtà ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, títí kan oníbàárà kan tó kàn wá ya fọ́tò.

Bàbá àti aránṣọ jọ ń rìn lọ sílé. Nígbà tí wọ́n dé afárá, bàbá bọ́ síwájú. Wọ́n ń tẹ pákó kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ lé èyí tó kàn, wọ́n ń fetí sí i.

"Tí wọ́n bá kọ́ onírin," ni wọ́n wí láìbojú wẹ̀yìn, "mi ò ní máa wá ìṣó kiri lọ́dọọdún mọ́."

"Rárá, Bùọ̀dá."

"Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Wọ́n ń lọ. Aránṣọ dúró sétí odò. Oṣù mẹ́ta ló ti fi ń rò pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'jẹrà', ló bí bàbá nínú. Ó ti gun òrùlé lónìí láti lọ gba ìbuwọ́lùwé, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀ pé ó rí i gbà. Ìsinsìnyí ló tó mọ ohun tí bàbá fi ọwọ́ ara wọn buwọ́ lù: òpin iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó jẹ́ kí wọ́n tẹ pákó tó kẹ́yìn, kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá.