Nọ́ńbà Tó Kù Sínú Fèrèsé

Àbígbẹ̀yìn ni bàbá rẹ̀ ń pè é, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì ń pè é níbi iṣẹ́. Òun ló fi Java, èdè tí wọ́n fi ń darí kọ̀ǹpútà, kọ ètò tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń gba aláìsàn sílé ìwòsàn. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ aláìsàn, fèrèsé kékeré kan á ṣí lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ọ̀sì á sì kọ nọ́ńbà fóònù ẹbí aláìsàn náà síbẹ̀. Kí fèrèsé náà má baà máa falẹ̀, Àbígbẹ̀yìn jẹ́ kí ìrántí rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, wà láàyè títí nọ́ọ̀sì yóò fi jáde nínú ètò pátápátá, dípò kó máa kú bí fèrèsé bá ti padé. Ọgbọ́n àgbọ́njù ni, ó sì dùn mọ́ ọn nínú.

Fínnífínní, ọkùnrin tó ń bá wọn wá àṣìṣe inú ètò, ló kọ́kọ́ rí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Mo pa fèrèsé ẹni àkọ́kọ́ dé, mo ṣí ti ẹnì kejì. Orúkọ yí padà, nọ́ńbà ò yí padà."

"Ìwọ náà kẹ̀! Ta ló máa kíyè sí ìyẹn?"

"Nọ́ọ̀sì tó bá ń kánjú ò ní kíyè sí i. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

"Ó dáa, màá tún un ṣe lọ́la."

Ọ̀la di ọ̀túnla, ọ̀túnla di ìgbà tó bá ráyè.

Kò tíì ráyè nígbà tí àwọn ará àdúgbò gbé bàbá rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn yẹn kan náà. Nọ́ọ̀sì ṣí fèrèsé bàbá, ó bá nọ́ńbà níbẹ̀, ó rò pé ẹlòmíràn ti kọ ọ́, ó fi pamọ́ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ orúkọ bàbá. Kò sẹ́ni tó bi Àbígbẹ̀yìn ní nọ́ńbà nígbà tó dé. Nọ́ńbà kan ṣáà ti wà níbẹ̀. Ó jókòó ti bàbá díẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́.

Nígbà tó tún wá, wọ́n ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni nọ́ọ̀sì mìíràn wí. "Ọmọ bàbá wà lọ́dọ̀ wọn títí dópin."

"Ọmọ wo? Èmi lọmọ wọn!"

Nọ́ọ̀sì yí kọ̀ǹpútà sí i. Orúkọ bàbá rẹ̀ nìyẹn, nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀ nìyẹn lábẹ́ rẹ̀. Kò nílò alálàyé. Ìlà kan péré ló yẹ kó fi kún ètò náà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àbámọ̀ ọjọ́ yẹn sì bá a lójijì.

Aránṣọ kan dìde lórí bẹ́ǹṣì, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé ṣáájú bàbá, nọ́ńbà aránṣọ náà ló sì kù sínú fèrèsé.

"Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n pè mí lórí fóònù pé ẹni mi ń bèèrè mi, mo rò pé màmá mi ni. Kí n tó sọ pé èmi kọ́, bàbá ti di ọwọ́ mi mú. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní, 'Àbígbẹ̀yìn, o mà fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí mi.'"

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní, 'Ẹ̀n, bàbá, mo ti dé.'"

Àbígbẹ̀yìn ò mọ̀ bóyá kó dúpẹ́ ni àbí kó sá jáde. Ó bi í pé ọwọ́ wo ni bàbá dì mú. Aránṣọ na ọwọ́ ọ̀tún. Àbígbẹ̀yìn fi ọwọ́ méjèèjì gbà á mú, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́.