Ìdánwò Mi àti Ọjọ́ Ìgbéyàwó Wọn

Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ìdánwò agbẹ̀bí ni mo fẹ́ ṣe lórí rẹ̀ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n kúrò ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kán, kí n lọ síbi tí wọ́n ti ń gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Kọ̀ǹpútà tí èèyàn bá fi forúkọ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹni tí kò bá sì wọlé lásìkò, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Mo jókòó, mo tẹ ìkànnì ìdánwò. Kò ṣí. Mo tẹ ìkànnì ìròyìn, kò ṣí. Èyí tí ìyá mi ti ń wo àwòrán aṣọ tí wọ́n fẹ́ rán, òun náà kọ̀. Àkọlé pupa kan yọ, mo pa á dé, ó tún yọ. Mo pariwo.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí?"

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ sáré dé, tòun ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Bàtà ló ń tà, ṣùgbọ́n Mo-mọ̀-ọ́n là ń pè é, torí kò sóhun téèyàn máa sọ tí kò ní ní òun ti mọ̀.

"Mo mọ ohun tó ń ṣe é," ó ní. "Bùráwúsà tá a fi ń wọ ìkànnì yìí ló ti gbó."

Ó ṣí èkejì, pàbó. Ó ṣí ẹ̀kẹta tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, bákan náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti lọ. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

"Wò ó lórí fóònù ẹ."

Lórí fóònù, gbogbo ìkànnì ń ṣí wẹ́rẹ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà, yàrá kan náà, kọ̀ǹpútà nìkan ló yàn wá lódì. Mo-mọ̀-ọ́n pa á, ó tún un tàn. Ó yọ wáyà, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó tì í bọlé padà. Aago mẹ́wàá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀. Gbogbo àkókò yìí, bàbá àti ìyá mi jókòó sórí àga gígùn, wọ́n dákẹ́ bí ẹni pé wọn ò sí nílé. Ó yẹ kí n ti fura. Awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, wọn kì í sì í wà níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe kí wọ́n má dá sí i.

Àkọlé pupa tún yọ. Mo-mọ̀-ọ́n fẹ́ pa á dé, mo gbá a lọ́wọ́.

"Dúró ná! Kí ló kọ síbẹ̀?"

Ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó ń ka ohun tí ẹ̀rọ bá kọ nílé wa. Bó bá ti yọ, a ó pa á dé, a ó bá tiwa lọ. Ìbínú ló jẹ́ kí n kà á. Ó ní aago kọ̀ǹpútà wa ti wà lẹ́yìn jù, òun ò lè fọkàn tán ìkànnì kankan. Mo wo igun ìsàlẹ̀. Ọdún tó wà níbẹ̀, wọn ò tíì bí mi! Ìkànnì kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé ẹ̀rí, ìwé ẹ̀rí sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà wa, ọjọ́ yẹn ò tíì dé, bí ẹni mú tíkẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ wá wọkọ̀ lónìí.

"Ta ló gbé wa lọ sáyé àtijọ́?"

"Èmi ni," ìyá mi ní. "Ẹ má sì dá a padà o."

Ìyá mi dìde, wọ́n gba máòsì tí a fi ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ Mo-mọ̀-ọ́n, wọ́n tì í sí abẹ́ apá.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ní Àbámẹ́ta làwọn ṣègbéyàwó. Ìyá mi ní irọ́ ni, Ọjọ́bọ̀ ni. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, tòwúrọ̀ tirọ̀lẹ́. Lánàá, ìyá mi bá yí aago kọ̀ǹpútà padà sí ọjọ́, oṣù àti ọdún ìgbéyàwó náà gan-an, Ọjọ́bọ̀ ló sì gbé jáde. Bàbá ní ẹ̀rọ máa ń ṣìṣe. Ìyá ní ó dáa, kò ní kúrò níbẹ̀ títí bàbá yóò fi fẹnu ara wọn gbà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìdánwò mi!"

"Ṣé èmi lò ń bẹ̀ ni? Bẹ bàbá ẹ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni."

Ta ló máa bá ìyá ẹ̀ ja ìjàkadì nítorí máòsì? Gbogbo wa kọjú sí bàbá. Bàbá mi kì í gbẹ̀bi. Nígbà tí wọ́n ṣì ń wakọ̀, bí ọkọ̀ bá pẹ́, wọ́n á ní àwọn èrò ló tètè dé. Wọ́n wo aago ògiri, wọ́n wò mí, wọ́n wúkọ́.

"Ọjọ́bọ̀ ni," wọ́n ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mi ò gbọ́ o, bàbá wọn."

"Mo ní Ọjọ́bọ̀ ni! Ìyá wọn ló tọ̀nà! Ẹ jẹ́ kọ́mọ mi ṣèdánwò!"

Ìyá mi hó yèè, máòsì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀. Mo-mọ̀-ọ́n gbà á, ó yí ọjọ́ sí tòní, ìkànnì ìdánwò ṣí gbayawu.

"Ṣebí mo ti mọ̀ pé aago ni," ó ní.

Mo wọlé lásìkò. Bàbá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ìka lé ẹnu fún ẹni tó bá ń kọjá, títí kan àwọn tí kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo dáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn, èsì jáde lójú ẹsẹ̀.

"Mo yege!"

Ilé dàrú. Ìyá mi ń jó láìwọ bàtà, Mo-mọ̀-ọ́n ń lu ìdí ìkòkò, bàbá mi gbá mi mọ́ra títí mi ò fi lè mí dáadáa. Mo sunkún ayọ̀, mi ò sì tijú.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ìyá mi nu omijé ojú wọn nù. "Ọjọ́ wo lòní? Ká má baà gbàgbé ọjọ́ tọ́mọ wa di agbẹ̀bí."

Bàbá mi wò wọ́n. Èmi àti Mo-mọ̀-ọ́n wo ara wa.

"Ọjọ́rú ni," bàbá mi ní.

Ìyá mi di bàbá lọ́wọ́ mú.

"Òótọ́ ni, bàbá wọn," wọ́n ní. "Ọjọ́rú ni."