Ìpele Tó Kù Lára Káàdì Bọ́sẹ̀dé

Àwẹ̀ró ìyàwó mi jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó ń ṣe káàdì. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n da erùpẹ̀ bò ó, amọ̀ ibojì sì dọ̀tí bàtà mi lọ́jọ́ náà. Kò yà mí lẹ́nu láti rí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó ti fọ gbogbo ife inú ilé, ó tò wọ́n sórí ibùsùn, ó sì fi aṣọ bò wọ́n dé ọrùn kí òtútù má baà mú wọn.

"Bàbá Bọ́sẹ̀dé, ẹ mà pẹ́ o," ó wí. Kò gbójú sókè. "Ẹ wá bá mi di pépà yìí mú."

Mo jókòó, mo di pépà náà mú. Ara pépà náà gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe.

Bọ́sẹ̀dé ọmọ wa ń rọbí nínú yàrá kejì. Inú ògiri ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ẹ̀yìn mi gan-an ni ilẹ̀kùn yàrá náà wà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yíjú padà, ó ti sún lọ sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí kò sí nílé wa rí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn, ó rí bíi ti ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tí mo lọ ní kékeré, pẹ̀lú àwọn ìkọ́ onírin tí a máa ń fi fìlà kọ́ sí. Nọ́ọ̀sì kan ti ibẹ̀ jáde wá. Omi ń kán ní etí apá aṣọ rẹ̀.

"Ọmọ náà ti ṣe tán," nọ́ọ̀sì wí. "Káàdì ló ń dúró dè. Kò lè wá láìsí káàdì, agbára ìyá rẹ̀ sì ti ń tán lọ."

"Ó kù díẹ̀," Àwẹ̀ró dá a lóhùn.

"Díẹ̀ tiyín yìí, Màmá! Bí ẹni ń se ẹ̀wà ni." Nọ́ọ̀sì fún omi ara aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó padà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nígbà ayé rẹ̀, Àwẹ̀ró máa ń ṣe káàdì fún ìgbéyàwó, fún ìsọmọlórúkọ, fún ọjọ́ ìbí. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ní ọwọ́ tí a ń yí bíi ti ẹ̀rọ ìlọta. Ó sì ní àwọn irin pẹlẹbẹ tí etí wọn mú bí abẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán tirẹ̀: ewé, òdòdó, ẹyẹ. A ó gbé irin lé pépà, a ó fi pátákó ike méjì há wọn láàárín, a ó tì wọ́n bọ ẹnu ẹ̀rọ, a ó sì máa yí i. Bí wọ́n bá fi jáde lódì kejì, pépà á ti gé bí àwòrán irin náà. Ìpele kan nìyẹn. Ó máa ń gé ìpele púpọ̀, èyí tó wà lókè a máa kéré ju ti ìsàlẹ̀ lọ, yóò fi gọ́ọ̀mù àti ègé fóòmù tò wọ́n léra títí káàdì yóò fi wú sókè bí ohun tó fẹ́ dìde. Èmi ni mo máa ń yí ẹ̀rọ fún un, nítorí èjìká máa ń dùn ún.

Irin tó ń lò lọ́jọ́ yìí jẹ́ àwòrán bàtà ọmọ-ọwọ́.

Ìpele àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀. Ara aṣọ fèrèsé ló ti gé e. Mo rí ihò bàtà kékeré lára aṣọ náà, oòrùn ọ̀sán ń gba ibẹ̀ wọlé, ó sì tẹ́ bàtà ìmọ́lẹ̀ kan sílẹ̀. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó ṣí bàtà ìmọ́lẹ̀ náà kúrò nílẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó sì fi ṣe ìpele kejì. Ibi tó ti ṣí i ṣókùnkùn. Ó ní kí n má tẹ̀ ẹ́.

Fún ìpele tó tẹ̀ lé e, ó bi mí bóyá mo ṣì ń lo ohùn tí mo fi ń kọrin. Mo ní láti ọjọ́ ìsìnkú n kò lò ó mọ́. Ó ní kí n kọrin díẹ̀ sórí pépà. Mo kọ ẹsẹ orin kan, pépà náà sì pa àwọ̀ dà bí aṣọ tí a rì sínú aró. A tì í bọ ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

"Ẹ rọra, Tíṣà!" ẹ̀rọ kígbe, ó ń fi orúkọ iṣẹ́ mi pè mí. "Ṣé ata lẹ rò pé ẹ ń lọ̀ ni?"

Ohùn rẹ̀ jọ ti ọkùnrin tó máa ń gé irun wa nílé ẹ̀kọ́, ẹni tó máa ń bú wa, tí yóò sì tún fún wa ní àádùn.

"Ẹ má dá a lóhùn," Àwẹ̀ró wí. "Bí ẹ bá dá a lóhùn, kò ní dákẹ́ mọ́."

"Ẹ gbọ́ ìyàwó yín!" ẹ̀rọ wí. "Kò burú. Ìyàwó kékeré ń bọ̀ fún yín, Tíṣà. Kò ní eyín, kò lè gúnyán, ẹ̀yin lẹ máa gbé e pọ̀n káàkiri àdúgbò!"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo bàbá àgbà ló ń pe ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìyàwó, eré tí gbogbo wa ń ṣe ni. Ṣùgbọ́n nígbà náà ni ó yé mi. Bí ìyá àgbà bá kú, tí wọ́n sì bí ọmọbìnrin lẹ́yìn rẹ̀, a ó ní òun ló padà wá, a ó sì sọ ọmọ náà ní Yétúndé. Mo wo ìyàwó mi.

"Ṣé ìwọ ni?" mo bi í.

"Ìpele òkè ló kù," ó wí. "Mo ti wá pépà rẹ̀ kiri gbogbo ilé yìí, n kò rí i."

Ó dìde láti mú gọ́ọ̀mù. Nígbà tó yí ẹ̀gbẹ́ sí mi, n kò rí i mọ́, àfi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúró lóòró bí etí pépà. Ó tún kọjú sí mi, gbogbo ara rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Èmi náà, Babájídé ni orúkọ mi. Ẹ̀yìn ikú bàbá àgbà mi ni wọ́n bí mi, ìyá àgbà sì máa ń pè mí ní ọkọ òun. Bó bá se ọbẹ̀, èmi ni yóò bu ẹran tó tóbi jù fún. Yóò jókòó, yóò máa wo ojú mi bí mo ti ń jẹun, bí ẹni tó ń wo fèrèsé, tó ń retí kí ẹnìkan yọjú. Mo ń jẹ ẹran náà. N kò rántí nǹkan kan. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú mi tó ti bá a gbé rí. Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n kọ́ wa pé àwọn òkú ń sùn ni, a ó sì pàdé wọn ní òwúrọ̀ àjíǹde. Láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti lọ, òwúrọ̀ yẹn ni mo ń dúró dè. Bó bá gba inú ẹ̀rọ yìí kọjá, ọmọ tó ń sunkún fún ọmú ni n ó rí, ìyàwó mi kò sì ní sí níbì kankan mọ́, lórí ilẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀.

Mo dìde, mo lọ wá pépà mìíràn tí a ó fi rọ́pò rẹ̀. Mo mú kàlẹ́ńdà ara ògiri wá, mo tì í bọ ẹ̀rọ, ó jáde lódindi láìní àpá kankan. Mo mú agbádá tí mo fi gbéyàwó wá, òun náà jáde bẹ́ẹ̀. Mo mú fọ́tò Àwẹ̀ró tó wà lórí pẹpẹ wá. Ẹ̀rọ tu ú sílẹ̀.

"Èyí ti gbẹ," ó wí.

Mo ki ọwọ́ ara mi bọ ẹnu rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò díẹ̀ bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ wò.

"Ẹ ṣì nípọn jù, Tíṣà. Ẹ gbé e kúrò."

"Bàbá mi, ó rẹ̀ mí," Bọ́sẹ̀dé wí láti inú ògiri. Mo fi etí lé e. Mo gbọ́ mímí rẹ̀, ó ń lọ jìnnà bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń wà lọ. Nọ́ọ̀sì tún ti ilẹ̀kùn jáde, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ti gùn sí i. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ti ń fa ẹsẹ̀ kan.

"Bàbá, kí lẹ ń dúró ṣe? Ẹsẹ̀ ọmọ yín ti ń tutù."

"Ìyàwó mi ni wọ́n fẹ́ kí n gé."

"Ìyàwó yín wà lábẹ́ ilẹ̀," nọ́ọ̀sì wí. "Ọmọ yín ló wà lórí ẹní."

Àwẹ̀ró ti tú gèlè rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí àga. Ó dùbúlẹ̀ lórí pátákó ike. Pátákó náà kò fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ, síbẹ̀ ó gbà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yọ síta. Fúnra rẹ̀ ló gbé irin bàtà náà lé àyà, ó tún un ṣe díẹ̀ bí ẹni ń tún ọrùn bùbá ṣe.

"Ẹ fi pátákó kejì bò mí," ó wí. "Ẹ má jẹ́ kó yẹ̀."

"Ṣé wàá dá mi mọ̀?"

Ó ronú sí i. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ dá ìyá àgbà yín mọ̀ nígbà tí ẹ dé?"

"Rárá. N kò dá a mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀. Àyà rẹ̀ ni mo máa ń sùn lé."

"Ó tó bẹ́ẹ̀," Àwẹ̀ró wí.

Mo bò ó. Mo tì í bọ ẹ̀rọ, mo yí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà orúnkún. Nígbà tó dé ìbàdí, ọwọ́ mi dúró. Lọ́dọ̀ mi, mo ń rí ojú ìyàwó mi nínú ike. Lódì kejì, àtẹ́lẹsẹ̀ méjì ti yọ, wọ́n pupa, wọ́n hunjọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gùn ju ìka mi lọ. Mo gbìyànjú láti yí ẹ̀rọ padà sẹ́yìn.

"Ẹ má dán an wò!" ẹ̀rọ wí. Kò ṣàwàdà mọ́. "Bí ẹ bá fà á padà báyìí, á ya. Ẹ ò ní rí ti iwájú, ẹ ò sì ní rí ti ẹ̀yìn."

Mo pe Bọ́sẹ̀dé. Ògiri kò dáhùn. Mo tún pè é. Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń sáré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tó ń fà, n kò sì mọ̀ bóyá ó ń bọ̀ ni tàbí ó ń lọ. Àwẹ̀ró ń wò mí bó ti máa ń wò mí nígbà tí òjò bá ká wa mọ́ iwájú ilé onílé, tí a jùmọ̀ ń dúró kó dá.

"Àwẹ̀ró," mo wí.

"Ẹ yí i."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì yí i. Ó le, ó le, lẹ́yìn náà ó fúyẹ́ lójijì bí ẹni ń yí nǹkan nínú omi. Ojú rẹ̀ ló wọlé kẹ́yìn, ó là á sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣí pátákó, bàtà kan wà níbẹ̀, ó kéré, àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo mọ orúkọ rẹ̀. Mo wá àjẹkù rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí a gé tí kì í ní àjẹkù. Kò sí. Gbogbo rẹ̀ ló lọ. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sórí àwọn yòókù, mo sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi mú.

Nọ́ọ̀sì já káàdì náà gbà lọ́wọ́ mi, ó tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ilẹ̀kùn ti wà nítòsí. Igbe ọmọ sọ. Lẹ́yìn igbe náà, mo gbọ́ Bọ́sẹ̀dé, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi tútù, kí wọ́n má fún òun ní èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ o.

"Obìnrin ni," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ gbà á, Bàbá. Ẹ fọwọ́ ti ọrùn rẹ̀."

Mo gbà á. Mo pe Àwẹ̀ró sí i létí. Kò yíjú. Mo tún pè é bí mo ti máa ń pè é nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́. Ojú rẹ̀ kọjá lórí ojú mi bí ojú ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri onílé kọjá. Mo gbé e mọ́ àyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mì í díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà ni ó wo òkè èjìká mi, ó wo àjà, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀.

Mo gbójú sókè. Màlúù funfun kan, bí èyí tí a pa níbi ìsìnkú Àwẹ̀ró, fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ àjà, ó dorí kodò, ó rọra ń jẹ koríko tó hù láàárín àwọn pákó, ìrì sì ń kán láti ẹnu rẹ̀ sí iwájú orí ọmọ náà.