Bí Mo Ṣe To Géèmù fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to àwòrán sójú tẹlifíṣọ̀n. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti fi ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì ti rí oríṣiríṣi ìwà ọ̀bọ tí àwọn èèyàn ń hù sí i. Àwọn kan á jẹ́ kí ojú èèyàn pọ́n bí ata, àwọn mìíràn á jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣú bíi pé òjò fẹ́ rọ̀ nínú pálọ̀ wọn. Tí mo bá bá wọn tò ó tán, wọ́n á ní, "Áà, ṣé báyìí ló ṣe yẹ kó rí?" Èmi náà á ní báyìí ló ṣe yẹ kó rí látọjọ́ tẹ́ ẹ ti rà á. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ohun tí mo ṣe, kì í ṣe àìmọ̀kan ló fà á. Àmọ̀jù ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo to géèmù náà fún. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Iṣẹ́ jórinjórin ló ń ṣe. Géètì àti irin ojú fèrèsé ló fi ń jẹun. Ọdún méjì gbáko la ò fi bára wa sọ̀rọ̀, torí ọjọ́ tí ìyá wa kú. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ ìyá ní ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ó ń béèrè àkọ́bí rẹ̀. Mo pe fóònù ẹ̀gbọ́n mi nígbà mọ́kànlá, ó ń dún, kò gbé e. Nígbà tó di ìgbà ìkẹyìn, ìyá gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sétí fúnra rẹ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀ sí i bíi pé ẹnì kan ń gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi tó dé, wọ́n ti fi aṣọ bo ìyá lójú. Mo bi í pé níbo ló wà. Ó ní òun wà níbi iṣẹ́. Mo ní ṣé kò rí ìpè mi ni. Ó ní òun rí i. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò sì dúró gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ẹni ò ṣeé rà lọ́jà. Lọ́dún tí mo pé ogójì, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí i pé kò sí ẹlòmíì láyé tó mọ bí mo ṣe rí nígbà tí mi ò tíì léyín. Mo kọ̀wé sí i lórí fóònù pé kó wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló fi dá mi lóhùn: "Ó dáa. Màá wá."

Kí wá ni ọkùnrin méjì tó ń bínú síra wọn fẹ́ máa fi ọjọ́ Àìkú ṣe? Tá a bá kọjú síra wa, ìjà ni. Mo bá ní ká kúkú jọ kọjú sí nǹkan mìíràn. Bí mo ṣe ra géèmù nìyẹn. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí wọ́n ti ń yìnbọn kiri. Ìtàn ni, bí ẹni ń wo fíìmù, àmọ́ ìwọ tó ò ń wò ó lo máa pinnu ohun tí ẹni inú rẹ̀ máa ṣe. Ọkùnrin kan àti ìyá rẹ̀ ń sá fún ogun. Ní gbogbo ìkòríta, géèmù á gbé ọ̀nà méjì kalẹ̀, o sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Mo rí ìyá yẹn lára páálí rẹ̀ nígbà tí mo ń rà á, mi ò tiẹ̀ rò ó wò.

Odindi ọjọ́ Sátidé kan ni mo fi tò ó. Ẹni tó bá rò pé kéèyàn kàn máa tẹ ibi tó bá ti rí ni, kò mọ nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ dín bí géèmù náà ṣe le kù pátápátá, torí ìka ẹ̀gbọ́n mi ti yi nídìí irin, kò ní lè máa sáré lórí páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù. Mo pa gbogbo àmì tó ń tọ́ka ọ̀nà. Mo dín orin kù, mo gbé ohùn èèyàn sókè. Géèmù bi mí bóyá mo fẹ́ kó dúró dè wá ní ìkòríta tàbí kó fún wa ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Mo mú mẹ́wàá, torí ayé kì í dúró deni. Ó wá ku àwọn ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, ìyẹn ìkọ̀wé tó máa ń hàn lábẹ́ àwòrán láti sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wí. Wọ́n ti fi àmì sí i tẹ́lẹ̀ pé kó máa hàn. Bí wọ́n ṣe ṣe é wá nìyẹn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi yọ ọ́. Mi ò lè fara mọ́ ìkọ̀wé tó ń rìn kiri lábẹ́ àwòrán gidi bí èèrà. Wọ́n ṣáà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú àwọn èèyàn inú ìtàn ni mo fẹ́ ká máa wò. Mo wá ta kọ́tìnì dúdú sí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán má bàa ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dé. Ó ti hewú ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Mo fún un níjókòó, mo pa iná, mo fa kọ́tìnì.

"Èmi á máa rìn, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin á máa pinnu," mo ní. "Èmi lẹsẹ̀, ẹ̀yin lorí."

"Ẹ̀n?"

Mo tún un sọ. Mo na páàdì sí i, mo fi hàn án ibi tó máa tẹ̀.

"Ó dáa," ló wí.

Gbogbo nǹkan ló dáa lójú ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ogun kan jí búrẹ́dì ìyá àti ọmọ gbé, mo ní kí ló rò nípa ẹni yẹn, ó ní ó dáa. "Olè mà ni, ẹ̀gbọ́n!" Ó ní ó dáa náà ni. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù ni pé kì í gbójú sójú kan. Àwọn èèyàn inú ìtàn á máa sọ̀rọ̀ tó lè mú àgbàlagbà sunkún, òun á yí ọrùn, á máa wá ojú mi kiri nínú òkùnkùn.

"Ẹ wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀gbọ́n," mo máa ń wí. "Kò sí nǹkan kan lójú tèmi."

Síbẹ̀ ó ń wá. Kò pa ọjọ́ Àìkú kankan jẹ. Lọ́sẹ̀ kejì ó gbé tábìlì irin kékeré kan wá, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó, kí tẹlifíṣọ̀n lè dúró dáadáa. Lọ́sẹ̀ kẹta ó sùn lọ lórí àga, mi ò jí i. Inú mi ti ń yọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé tó bá di ìparí ìtàn náà, màá bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìyá wa ní pẹ̀lẹ́tù, bí àbúrò ṣe ń bi ẹ̀gbọ́n.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ogun dé ilé tí ìyá àti ọmọ sùn sí. Iná ń jó. Ìyá wà nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti há, ọmọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n ò ju ilẹ̀kùn àti èéfín lọ, àmọ́ ohùn ìyá ń jáde látẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó kún inú pálọ̀ mi: "Ọmọ mi, mo wà níbí. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Má fi mí sílẹ̀." Ọ̀nà méjì hàn. Ọ̀kan ní kó já ilẹ̀kùn, èkejì ní kó sá jáde. Mo na páàdì sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo iná, ó wo bí àkókò ṣe ń lọ. Ó tẹ èkejì.

Ọmọ yẹn sá jáde. Ìyá rẹ̀ ń pè é títí òrùlé fi wó.

Ìbínú ò mọ̀ pólúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Mo fò dìde, mo ṣí kọ́tìnì, ìmọ́lẹ̀ ya wọlé, mo dúró síwájú ẹ̀gbọ́n mi gbàgà, mo sì pe ẹni tó pọ̀n mí dàgbà ní ìwọ.

"Bó o ṣe ṣe é náà nìyí! Ìyá wa ń pè ẹ́, ó ń pè ẹ́ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀, o di etí! Ìwọ lo pa á. Ìwọ. Lo. Pa. Á."

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń já ọ̀rọ̀ náà, kó lè wọ̀ ọ́ lára. Ó ń wo ẹnu mi. Nígbà tí mo sọ tán, ó rọra gbé páàdì sílẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Àìkú kan kọjá, èkejì kọjá. Mi ò pè é. Mo ní ẹni tó jẹ̀bi ló yẹ kó bẹ̀bẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyàwó rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kò kí mi tán tó fi jókòó.

"Ọkọ mi kékeré, kí lẹ ṣe fún ẹ̀gbọ́n yín? Wọn ò jẹ, wọn ò mu."

Mo ro gbogbo ẹjọ́ mi fún un, ìkòríta, ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó mọ̀ pé òun jàre. Kí n tó parí, ó ti káwọ́ lérí.

"Wọn ò gbọ́, ọkọ mi. Kò sí nǹkan tí wọ́n ń gbọ́."

"Ta ni ò gbọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin ló jẹ etí wọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Màmá fi ń ṣàìsàn, ọ̀tún ti lọ tán, òsì náà ń lọ. Àpò wọn ni fóònù wà lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ wo aago ni wọ́n tó rí i pé ẹ pè."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fẹ́nì kankan. Ta ló máa gbéṣẹ́ fún jórinjórin tó dití? Mo ní kí wọ́n sọ fún ẹ̀yin nìkan. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá mọ̀, àánú wọn á máa ṣe yín. Wọ́n ní ẹ kúkú máa bínú."

Mo béèrè ohun tó tún kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Mo ní kí wá ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

"Wọ́n máa ń mọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn tí ìmọ́lẹ̀ bá wà," ó ní. "Àmọ́ ẹ máa ń paná. Wọ́n ní kò burú, àwọn ṣáà jókòó tì yín."

Ojú tì mí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo àwọn tẹlifíṣọ̀n tó yí mi ká. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba ibi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó kẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó ń wọn irin géètì kan. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún mélòó ni mo ti ń bá ẹ̀yìn ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀, tí mo ń pè é ní agbéraga? Mo yí lọ síwájú rẹ̀, mo dúró síbi tí oòrùn ti kan ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ ò gbọ́. Màá tún géèmù yẹn tò. Ọ̀rọ̀ á máa hàn nísàlẹ̀, iná á wà ní títàn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó wo ẹnu mi títí mo fi sọ ọ́ tán. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ròkè ju bó ṣe yẹ lọ, bíi ti ẹni tí ò mọ ibi tí ohùn òun dé.

"Mi ò bínú sí ẹ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi jókòó nínú yàrá yẹn. Àwọn inú géèmù ń sọ̀rọ̀, ìwọ náà ń sọ̀rọ̀, mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń wí. O wá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, o kọjú sí mi, o la ẹnu dáadáa. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀, ìyẹn nìkan ni mo gbọ́."

Mo la ẹnu láti fèsì. Ó ti fa ìbòjú irin rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ti tanná sí géètì náà.