Ewúro Tí Mo Gbé Lọ sí Ọ́físì Ọkàn

Àlá tí mo lá mọ́júmọ́ òní kò tíì kúrò lójú mi. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mopélọ́lá, ìyàwó mi, sún mọ́bí, torí ọ̀rọ̀ náà kàn ọ́.

Mo lá a pé mo gbé abọ́ ewúro dání, mò ń lọ sí ọ́físì kan tó léfòó lókè ilé ìdáná wa. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ gàdàgbà: ỌKÀN. Kò yà mí lẹ́nu. Ibi tí màá gbà gòkè nìkan ni mò ń wá. Ìgò oògùn ìtọ̀ ṣúgà mi, èyí tí mo gbé jù sórí àjà lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu ewúro, ló dá mi lóhùn.

Ó ní, “Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé, Bàbá Tinúadé. Ó mà pẹ́ tí mo ti ń retí yín o.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá àkàbà lẹ́yìnkùlé lóòótọ́, àmọ́ dòdò Ìkirè ni wọ́n fi kàn án. Bí mo ṣe ń gùn ún ni mò ń bù ú jẹ, ó sì dùn dọ́ba. Nígbà tí mo máa fi dókè, kò ku nǹkan kan tí màá fi sọ̀ kalẹ̀.

Ta ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì? Ẹ̀gbọ́n mi Ládípọ̀ tí a sin lọ́dún tó kọjá, ẹni tó dákẹ́ sórí àga lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Omi ti lé sí mi lójú.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń dúró dè níbí?”

“Mò ń dúró kí ọkàn mi balẹ̀ ni. Ṣúgà ló ń ṣe mí, o kúkú mọ̀. Ẹsẹ̀ ni mò ń ṣọ́ nítorí egbò. Àyà ni ikú gbà wọlé, àbúrò mi.”

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mọ́ nini, kò ní egbò kankan. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Akọ̀wé kan tó so táì pè mí. Ó ní, “Bàbá, ọkàn tiyín náà kọ̀, kò balẹ̀. Ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ó ń ba ojú ọ̀nà jẹ́. Kí lẹ mú wá?”

Mo gbé abọ́ mi síwájú tayọ̀tayọ̀. “Ewúro ni, sà. Tí mo bá ti jẹun tán, màá fún omi rẹ̀ mu. Kíkorò ní í pa dídùn.”

Ó wo abọ́ náà títí. Irùngbọ̀n yọ lágbọ̀n rẹ̀, ìwo yọ lórí, ó di òbúkọ síbi tó jókòó sí, tòun ti táì. Ó jẹ ewúro náà tán pátá.

Ó ní, “Ewúro ti wọ inú mi. Òkìtì ẹ̀bà tí ẹ jẹ lálẹ́ ńkọ́, ibo ló wà?”

Mo ní, “Inú mi ni, sà.”

“Ibẹ̀ ló ṣì wà. Ta ló pa á?”

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. “Àbúrò mi, máa lọ sílé. Àkàbà dà?”

Mo ní, “Mo ti jẹ ẹ́.”

Kò bá mi wí. Ẹkún ló bú sí. Ọ́físì náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, ó yára, ó tún yára sí i, ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló jí mi. Mo fọwọ́ kan àyà mi kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń lù, ẹ̀rù sì bà mí bí ọmọdé.

Mo gbọ́ “mẹ̀ẹ̀ẹ̀” lẹ́yìnkùlé. Mo jáde, mo bá òbúkọ Ìyá Rámọ́tù aládùúgbò wa, ó ti jẹ gbogbo ewúro tí mo já sílẹ̀, ó ń lá abọ́. N ò lé e. Mopélọ́lá, ìwọ lo sáré jáde tí o ní, “Ẹ má bínú, Bàbá Tinúadé, màá já òmíràn.”

Má já nǹkan kan mọ́. Dókítà ni mò ń lọ bá láàárọ̀ yìí, kó yẹ ṣúgà mi wò, kó sì yẹ àyà mi wò pẹ̀lú. Ìgò oògùn yẹn ni mo fẹ́ gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà kí n mú un dání. Ẹ wá bá mi di àkàbà yìí mú. Igi ni, mo ti fi eyín tọ́ ọ wò.