Àbíkẹ́yìn Kò Gun Òkè Mọ́

Ká ní ọkọ̀ ní etí ni, ǹ bá ti bú u títí tí yóò fi sunkún. Ṣùgbọ́n irin kì í gbọ́ èébú, ohun tó sì ń dunni jù nínú ọ̀rọ̀ irin nìyẹn. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé bàbá mi, ọ́ìlì ń kán sí mi létí, ẹ̀yìn ń ro mí, mo sì ń bú u síbẹ̀síbẹ̀. Bí n kò bá bú u, ara mi ni màá bú.

Ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn ẹ̀yìn ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ẹni tó fẹ́ràn eré àsápajúdé àmọ́ tó tún ní ẹbí tí yóò gbé. Dísẹ́lì ló ń mu. Ìgbà tí mo ti kúrò nílé ni bàbá mi rà á, màmá mi sì sọ ọ́ ní Àbíkẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí ọmọ tí bàbá mi kẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Èmi nìkan ni wọ́n bí, ẹ sì wo bí wọ́n ṣe fún mi ní àbúrò láìbi mí léèrè. Màmá mi ti lọ báyìí. Ọ̀dà ara Àbíkẹ́yìn ti ń ṣí, ìjókòó awakọ̀ ti ya, ilẹ̀kùn kan ò ṣeé ṣí láti inú mọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì le.

Lẹ́yìn ìsìnkú màmá mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní gbogbo Sátidé. Èmi àti bàbá mi ò mọ ọ̀rọ̀ bá ara wa sọ. Màmá mi ló máa ń ru ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì. Nígbà tí wọn ò sí mọ́, a jókòó ní pálọ̀ bí àlejò méjì tó ń dúró de onílé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: fún mi ní sípánà yẹn, rọra, tún un dì, ó ti tó. A ṣe bíréèkì. A pààrọ̀ bẹ́líìtì ńlá inú ẹ́ńjìnì, iṣẹ́ aláàárẹ̀ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, á tó ọdún gbọọrọ kó tó tún kàn án.

Fítà, ẹni tó ń to ẹ̀rọ tó sì ń tún un ṣe, ni bàbá mi nílé iṣẹ́ tó ń fa omi, títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi ni pé bí mo bá ti di nọ́ọ̀tì tán, kí n fi ọ̀dà fa ìlà tín-ínrín kan láti orí nọ́ọ̀tì náà bọ́ sára irin tó jókòó lé. Bí nọ́ọ̀tì bá yí, ìlà á yà sí méjì, ojú á sì rí i. Wọ́n máa ń sọ pé nọ́ọ̀tì tí kò ní àmì, kò sẹ́ni tó dì í. Ọ̀dà funfun ni tèmi. Pupa ni tiwọn, kútẹ́ẹ̀sì tí màmá mi fi ń kun èékánná sì ni. Nígbà ayé màmá mi, ìjà ò tán lórí ìgò kútẹ́ẹ̀sì tó ń pòórá níwájú dígí. Ìgò tó kẹ́yìn ṣì wà nínú àpò aṣọ iṣẹ́ bàbá mi.

Nígbà tí gbogbo nǹkan dára tán, ọwọ́ mi ò sinmi. Mo ní kí n fi agbára kún ti Àbíkẹ́yìn. Ọkọ̀ náà ní tọ́bò, ẹ̀rọ kótópó kan tó ń rọ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì kí iná inú rẹ̀ lè jó dáadáa. Mo yọ rédíétọ̀ kékeré tó ń mú atẹ́gùn náà tutù, mo fi ti ọkọ̀ ńlá rọ́pò rẹ̀. Mo ra họ́ọ̀sì tuntun àti kílíìpù tuntun, mo mú kí ẹnu sàléńsà fẹ̀ sí i, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà yí ìwà ọkọ̀ padà, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà Ọpọlọ. Bàbá mi wo gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Wọ́n béèrè pé ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lé, kí ló fẹ́ máa sá fún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di iṣu ata yán-an-yàn-an ni ìgbà tí ìyàwó mi ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ọ̀nà jíjìn. Inú mi dùn sí i, mo sì gbà pé ká kó lọ. Ohun kan péré ló sọ: ilé tuntun náà ò ní àyè fún òkú ọkọ̀. Bí Àbíkẹ́yìn bá lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀, ó káàbọ̀. Bí kò bá lè rìn, kí n fún bàbá onírin àlòkù kí wọ́n lọ lọ̀ ọ́. Òkè gíga wà lójú ọ̀nà ibẹ̀. Èyí tó jọ ọ́ wà lẹ́yìn ilé bàbá mi, ibẹ̀ ni mo sì fi ṣe ibi ìdánwò. Mo sọ fún bàbá mi pé ọjọ́ tó bá ti gun òkè yìí dé òkè pátápátá, ọjọ́ náà ni màá gbé e lọ. Wọ́n ní ó dáa. Sípánà ni wọ́n ń nù, wọn ò gbójú sókè.

Láti ọjọ́ náà ni ojú mi ti ń rí màbo. Sátidé àkọ́kọ́, mo gun òkè náà dé ìdajì, mo gbọ́ ṣíìì níwájú, èéfín dúdú bo gbogbo ọ̀nà lẹ́yìn mi, iná kékeré kan tàn níwájú mi, agbára sì kú. Obìnrin kan tó ń sá aṣọ funfun lẹ́bàá ọ̀nà wò mí bí ẹni pé imú mi ni èéfín náà ti jáde. Mo wọ́ padà wálé, mo tú gbogbo iwájú ọkọ̀ palẹ̀, mo pààrọ̀ họ́ọ̀sì. Sátidé kejì, ṣíìì kan náà, obìnrin kan náà. Mo pààrọ̀ kílíìpù. Nígbà tó tún yá, họ́ọ̀sì kékeré mìíràn ló ń jò, ọ̀kan tí n kò fọwọ́ kàn rí. Mo lọ bá Dókítà Ọpọlọ, mo pè é ní olè lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó fi ìbínú dín agbára ọkọ̀ náà kù. Ṣíìì.

Pabanbarì rẹ̀ ni pé bí mo bá ti tún un ṣe tán nírọ̀lẹ́ Sátidé, ohùn ẹ́ńjìnì rẹ̀ máa ń dán bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àmọ́ ilẹ̀ á ti ń ṣú, ọkọ̀ èrò tó ń gbé mi lọ sílé ò sì ń dúró de ẹnikẹ́ni. Òkè ilé alájà ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, kò sí ibi tí a ó gbé ọkọ̀ sí. Màá fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ bàbá mi. Bí mo bá padà dé, àìsàn rẹ̀ á ti padà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pe bàbá onírin àlòkù pé kí wọ́n wá gbé e, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo tún ní kí wọ́n má wá mọ́. Mo kanra mọ́ ìyàwó mi. Mo kanra mọ́ ẹni tó ta kílíìpù. Bàbá mi nìkan ni kò kanra. Wọ́n á bu omi wá kí n fi fọ ọwọ́, wọ́n á fún mi ní ọṣẹ àti tówẹ̀lì, wọ́n á ní kí n má ṣèyọnu, Sátidé mìíràn ń bọ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ wọn yẹn tún ń dá kún ohun tó ń bí mi nínú. Mo ń rò ó nínú ara mi pé ṣé wọn ò rí i pé àkókò ń lọ ni.

Ó ku Sátidé kan ká kó lọ. Mo gbé e gun òkè. Ní ìdajì ibẹ̀, ṣíìì. Obìnrin aláṣọ funfun ò tilẹ̀ wò mí mọ́, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ wọlé. Mo gbé orí lé sitíárìn, omi ìbínú bọ́ lójú mi. Ó ti sú mi. Ọkọ̀ náà ti sú mi, ọwọ́ mi tó ti bó ti sú mi, òmùgọ̀ tí mo dà lójú ara mi ti sú mi. Nígbà tí mo wọ́ ọ délé, n kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá. Mo fa fóònù yọ níwájú bàbá mi, mo pe bàbá onírin àlòkù, mo ní kí wọ́n wá fi ọkọ̀ agbọ́kọ̀ gbé e kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bàbá onírin rẹ́rìn-ín lórí fóònù, wọ́n béèrè bóyá ó dá mi lójú lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní ó dá mi lójú.

Bàbá mi gbé ife tó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀.

"Tún wo abẹ́ iwájú rẹ̀," wọ́n ní.

"Mo ti wò ó, Bàbá. Gbogbo Sátidé ni mo ń wò ó."

"Gbogbo Sátidé lò ń tú u. O ò wò ó. Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran."

Wọ́n na tọ́ọ̀ṣì sí mi. Mo fẹ́ sọ pé n kò lọ, àmọ́ ohùn tí wọ́n fi kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni wọ́n fi sọ ọ́, ara mi sì ti dùbúlẹ̀ kí èmi tó mọ̀. Bí mo ṣe wà lábẹ́ ibẹ̀ tí mo ń bú ọkọ̀ nìyẹn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí kílíìpù tó di họ́ọ̀sì mọ́ rédíétọ̀ atẹ́gùn. Èmi ni mo rà á, èmi ni mo dì í, èmi ni mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí i ní Sátidé tó kọjá. Ìlà funfun mi ti yà sí méjì, ìdajì kan lápá òkè, ìdajì kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnì kan ti tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀, ìba tí atẹ́gùn á fi ráyè jáde bí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Ní ibi tí nọ́ọ̀tì náà dúró sí báyìí, ìlà mìíràn wà lórí rẹ̀, tín-ínrín, tó gún régé. Pupa ni.

Èébú gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn nọ́ọ̀tì àtijọ́ ara ọkọ̀ náà ní ìlà pupa, ìyẹn ò lè yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n kílíìpù tuntun ni eléyìí, kútẹ́ẹ̀sì kì í sì í dá rìn. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Wọn ò sọ fún wa pé aṣeni náà á bu omi fún èèyàn kó fi fọwọ́, á sì tún fi ọ̀dà sàmì síbi tó ti ṣe é.

"Bàbá," mo ní láti abẹ́ ọkọ̀, "ta ló yí nọ́ọ̀tì yìí?"

"Ṣé kò sí àmì lára rẹ̀ ni?"

"Ó wà."

"Ẹni tó yí i ló sàmì sí i."

Mo jáde. Inú ń bí mi gan-an. Mo ní ká ní wọn ò sàmì sí i ni, n kì bá mọ̀ láéláé. Kí ló dé tí ẹni tó fẹ́ ba nǹkan jẹ́ á tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀? Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò gbà kí àwọn yí nọ́ọ̀tì káwọn fi sílẹ̀ láìsàmì. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tí nǹkan náà ti sú. Mo rán wọn létí Dókítà Ọpọlọ. Mo rán wọn létí ìyàwó mi. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí wọn kí wọ́n lè rí bí awọ rẹ̀ ṣe rí. Wọ́n wo ọwọ́ náà, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n sì fi tiwọn tó dúdú mú un.

"Ọjọ́ tó bá gun òkè yẹn," wọ́n ní, "ìwọ àti Àbíkẹ́yìn lẹ ó lọ."

Ẹni tó máa ń bá wa ru ọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo pe bàbá onírin àlòkù pé kí wọ́n má wá mọ́, wọ́n ní àwọn ò tíì bọ́ sọ́nà, àwọn mọ̀ pé màá pè. Mo padà sábẹ́ ọkọ̀, mo di kílíìpù náà, mo nu ìlà tó wà lára rẹ̀ kúrò, mo fa tuntun. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí bàbá mi wọlé jókòó. A gun òkè náà. Àbíkẹ́yìn ò wúkọ́, kò hó, kò tu èéfín kankan, ó kàn ń gun ún lọ, bàbá mi sì di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ní orí òkè, wọ́n ní ẹ́ńjìnì náà dára. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A padà sílé láìtún sọ nǹkan kan.

Nígbà tí a délé, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ooru lè jáde. Bàbá mi sún mọ́ ọn. Wọ́n fi ìka kan ìbòrí bẹ́líìtì ńlá, wọ́n ní àwọn rò ó pé bẹ́líìtì yẹn ti ń gbó, kò yẹ kó já mọ́ èèyàn lójú ọ̀nà jíjìn. Mo wo ìbòrí náà. Bẹ́líìtì tí àwa méjèèjì jọ pààrọ̀ ni. Ìlà pupa àti ìlà funfun wà lórí gbogbo nọ́ọ̀tì tó yí i ká, kò sí ọ̀kan tó yà. Wọ́n mọ̀ pé kò tíì gbó. Wọ́n sì mọ̀ pé mo mọ̀. Inú ṣì ń bí mi, mo fẹ́ kó máa bí mi sí i, àmọ́ èmi náà nawọ́, mo fi ìka kan ìbòrí náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," mo ní. "Ó ti tó pààrọ̀. Màá gbé e wá lóṣù tó ń bọ̀ ká jọ ṣe é."

Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan níbẹ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ní n kò jẹ́ dán an wò. Wọ́n yọ ìgò kútẹ́ẹ̀sì náà lápò, wọ́n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n mì í. Wọ́n ní ó ti ń tán lọ, bí mo bá ń bọ̀, kí n bá àwọn ra òmíràn, kí n rí i pé pupa yìí gan-an ni.