Bev Kì Í Mu Omi Lẹ́nu Iṣẹ́

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wa bọ́ọ̀sì, n kò sì kọ lu ẹnikẹ́ni rí," ni Bev wí. Ó tún ti dìde.

"Àǹtí Bev, ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi yín. Wọ́n ní báwo ni ìlànà tuntun yìí ṣe kàn yín."

"Ó kàn mí. Kọ bẹ́ẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nínú gbọ̀ngán kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ẹgbẹ́ wa ti ń pàdé. Ẹgbẹ́ wa ni ti àwọn tí wọ́n bí lọ́kùnrin tí wọ́n ń gbé ayé bí obìnrin, bíi Bev, àti àwọn tí tiwọn jẹ́ ìdàkejì, bí èmi Callum. Ìlànà náà ní kí kálukú padà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó bá bí wọ́n ṣe bí i mu. Èmi tí irùngbọ̀n bò lẹ́nu, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni wọ́n ní kí n lọ. Ìjọba ní kí ará ìlú fèsì kó tó di ọjọ́ Ajé, èmi ni mo sì ń bá àwọn àgbà tẹ tiwọn sórí kọ̀ǹpútà.

Marguerite, alága wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé tíì kọjá, Bev kọ̀ ọ́. "Bev, awakọ̀ tí kì í mu tíì! Ṣé ní Yorkshire yìí, níbi tí wọ́n ti ń mu tíì ju omi lọ, náà ni wọ́n bí ọ?"

"Inú òṣùpá ni wọ́n bí mi sí." Bev rìn lọ sí ojú fèrèsé, ó padà, ó jókòó, ó tún dìde. Ó fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe yín lẹ́gbẹ̀ẹ́?" ni mo bi í.

Ó wo ẹ̀yìn kó tó dá mi lóhùn. "Àtìgbà tí Darren ti lẹ bébà mọ́ ẹnu ọ̀nà, n kì í mu nǹkan kan títí n ó fi délé."

Darren ni máníjà gáréèjì wọn. Tẹ́lẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin ni Bev ń lò. Òun àti Pauline àtàwọn awakọ̀ obìnrin yòókù á jọ dúró níwájú dígí, wọ́n á máa bú máníjà. Wàyí, wọ́n ní kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, tàbí kó lo ti àwọn aláàbọ̀ ara. Inú ọ́fíìsì Darren, ní òdìkejì gáréèjì, ni kọ́kọ́rọ́ ìyẹn wà, ó sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé kó tó gbà á. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ni ìsinmi awakọ̀.

"Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan," ni Bev wí. "Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọ̀kan wá ní, 'Ẹ káàbọ̀ sílé.' Ìwọ ì bá gbọ́ ẹ̀rín."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ èyí."

"Kí o kọ kí ni? Pé arúgbó kan ń pa ìtọ̀ mọ́ra? Callum, jọ̀ọ́, má dójú tì mí."

Mo kọ ọ́ pé, "Ìlànà yìí ń mú ìnira díẹ̀ bá mi lẹ́nu iṣẹ́." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí pé ó dáa. Marguerite ní ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: lẹ́tà mọ́kànlélógójì la fi ránṣẹ́, kò sì sí ọ̀kan tó dárúkọ ìtọ̀ nínú wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, Bev gbé bọ́ọ̀sì tó kún fún èrò sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó bẹ èrò pé kí wọ́n má bínú, ló bá ṣubú. Kíndìnrín ni. Pauline ló pè mí láti ilé ìwòsàn, ó ń sunkún. "Gbogbo wa la rí i pé kò wọlé tọ̀ wá mọ́," ni ó wí. "A kàn ń sọ pé ó ń bínú ni."

Nígbà tí mo débẹ̀, Bev ti lo wákàtí mẹ́rin lórí ibùsùn onítáyà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ààyè wà ní wọ́ọ̀dù obìnrin. Ààyè wà ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin. Wọ́n ní àwọn ṣì ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá èyí tí àwọn máa gbé e sí.

Darren pe fóònù Bev, èmi ni mo gbé e. "Bá mi sọ fún un pé n kò ní ohunkóhun lòdì sí i. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá òkè ni bébà yẹn ti wá." Mo fẹ́ bú u, àmọ́ ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo gé fóònù náà. Inú ń bí mi sí ara mi ju òun lọ, torí èmi ni mo kọ "ìnira díẹ̀".

Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́bìnrin kan gbé jọ́ọ̀gì omi wá, ó rọra bu ú sínú ife. "Mọ́mì, dókítà ní kí ẹ mu gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ètè Bev ti bó. Ó gbé ife náà dé ẹnu, ó dúró. "Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí, ibo ni kí n lọ?"

Nọ́ọ̀sì náà wo ilẹ̀kùn méjèèjì tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo Bev. Ojú tì í.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bèèrè," ni ó wí.

Bev gbé ife náà sílẹ̀ láì tọ́ ọ wò.